Ilé Tí Àwẹ̀ró Yàn Nínú Géèmù

Àwẹ̀ró, ọmọ Ìlódè, ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé. Àwẹ̀ró aránṣọ, adúmáadán, ẹni tí í fi abẹ́rẹ́ tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ọmọ ajíkíni, ọmọ ẹni tí í kí ará ilé kó tó bọ́jú, tí í kí ará òde kó tó jẹun. Ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi, ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín títí irun orí mi fi funfun tán.

Ó ní orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò ní kọ ọ́ síbí. Oríkì rẹ̀ tó mi. Kì í ṣe pé mo ti ń gbàgbé. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mo mọ orúkọ àwọn tó bá mi po sìmẹ́ǹtì ilé tí mo ń gbé, mo mọ ẹni tó pọn omi àti ẹni tó kó ìṣó mi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè lè má fẹ́ kí n dárúkọ wọn, àwọn tó sì ti lọ, àwọn ọmọ wọn ló ni orúkọ wọn báyìí.

Bíríkìlà ni mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, kí ẹ bá mi tọ́ ọ.

Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ló gbé géèmù wọlé. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ìpetumodù, ó ní òun kò ní gba ilé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Ogbó lòun á ti máa lọ síbi iṣẹ́. Inú wa dùn. Ó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dé, ó sì gbé àpótí dúdú kan sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Mo rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù ni. Tó bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, tó ti jẹun, á mú nǹkan kan tó rí bí akàn dání, pádì ni wọ́n ń pè é. Á máa fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan á sì máa rìn kiri nínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú idà léjìká.

"Ta nìyẹn?" Àwẹ̀ró ló bi í.

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ? Kí ló dé tí o fi wọ awọ ẹran?"

Ọwọ́ Àwẹ̀ró kò níṣẹ́ nígbà yẹn. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ló ń rán láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sí àdúgbò kan lágbègbè wa tí ọmọ wọn kò wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ kàwé. Ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn ti ń dààmú rẹ̀, dókítà sì ti ní kó yé fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì. Ó fi aṣọ bo máṣíìnì náà, ó jókòó sórí àga, ó ń wo gbogbo wa bí awakọ̀ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wo eré ọmọ rẹ̀ títí, ó na ọwọ́ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Gbé nǹkan yẹn wá kí n fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí máṣíìnì, tó ń fi tòsì tọ́ aṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wà á, tí ojú rẹ̀ sì wà lára abẹ́rẹ́, pádì kò lè dí i lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n fi ń rìn tààrà. Nǹkan àkọ́kọ́ tí Àwẹ̀ró ṣe ni pé ó bọ́ awọ ẹran kúrò lára rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní kaba gígùn kan tó rí nínú àpótí ẹni ẹlẹ́ni. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọrùn rẹ̀ kò dọ́gba," ó ní, "ṣùgbọ́n ó bo ìdí."

Ìlú inú géèmù náà wà lórí òkè. Wọ́n mọ odi yí i ká, baálẹ̀ wọn sì ń gbé ilé gàgàrà kan lókè pátápátá. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ọtí wà tí àlejò lè sùn sí. Ẹranko kan náà wà tó ń fò, tó ń yọ iná lẹ́nu. Àbígbẹ̀yìn wa ní pípa ẹranko náà gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe eré ọ̀hún. Àwẹ̀ró pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sá wọ abẹ́ igi.

"Kò sí ìjà láàárín èmi àti ẹ," ó ń sọ fún un. "Máa lọ síbi tí ò ń lọ."

Ohun tó ń ṣe ní tirẹ̀ ni kíkó ẹrù. Ìkòkò tó bá rí, á mú un. Ìgbálẹ̀, ife, kábéèjì, awọ, fìtílà tí kò tàn mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá bá a pa àwọn ọlọ́ṣà inú ihò kan, abọ́ wọn ni Àwẹ̀ró á máa kó. Ó ń kó o títí obìnrin náà kò fi lè sáré mọ́, ó wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bí aláboyún.

"Ẹrù yín ti wúwo jù, Màámi. Ẹ da díẹ̀ nù."

"Kí n da ìkòkò nù? Ìkòkò tó dáa?"

"Ẹ ra ilé nígbà yẹn. Ẹni tó bá nílé ló ń rí ibi kó ẹrù sí."

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní láti sọ ohun kan kí n tó tẹ̀síwájú, kí ẹ lè mọ ìdí tí èmi arúgbó fi jókòó ti géèmù. Nílé bàbá Àwẹ̀ró ní Ìlódè, ọmọbìnrin wọn kì í sun oorun ìkẹyìn sílé ọkọ. Bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó, tó bá ti kú, wọ́n á wá gbé e, àgbàlá bàbá rẹ̀ ni wọ́n á sin ín sí, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti sọ pé òun kò fẹ́. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àbúrò Àwẹ̀ró ọkùnrin ni olórí ẹbí níbẹ̀ báyìí, a sì máa wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé. Láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, kò lè jókòó kó dìde láìsọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ààyè yín ṣì wà nílé o. A ń gbá a." Á rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Nítorí pé èmi náà ní ààyè. Nígbà tí mo ń da kọ́ńkéré sí àgbàlá ilé wa, mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, fífẹ̀ rẹ̀ tó ibùsùn ẹni méjì, mi ò da kọ́ńkéré sí i. Ẹnikẹ́ni kò bi mí nídìí rẹ̀. Àwẹ̀ró kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ bíríkìlà, ó mọ̀. Ó gbin ewúro sí i fúngbà díẹ̀, ó tún hú u. Ẹnu mi kò sì gbà á láti bi í pé, Àwẹ̀ró, níbo lo fẹ́ sùn sí? Báwo lèèyàn ṣe ń bi ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ó fẹ́ yan ilé nínú géèmù, mo fa àga mi súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ fún ara mi pé ibi tó bá yàn níbẹ̀ ni màá fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nínú géèmù náà, èèyàn kò kàn lè kó owó sílẹ̀ kó ra ilé. Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wàá jíṣẹ́ fún àwọn ará ìlú, wàá bá wọn wá màlúù tó sọnù, wàá bá wọn lé ìkookò lóko, baálẹ̀ á wá ní òun ti gbọ́ ìròyìn rẹ, o lè di ara wọn. Èyí tẹ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn púpọ̀.

"Àwọn èèyàn yìí lẹ́kọ̀ọ́," ó ní. Ó wá màlúù náà tọkàntọkàn.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án wà láàárín ìlú. Ilé kékeré ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó kọjú sí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ sọ́jà. Ẹni tó ni ín ti kú. Ọkùnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé baálẹ̀ ló ń tà á.

"Ẹ tẹ ibí, Màámi, ó parí."

Àwẹ̀ró kò tẹ̀ ẹ́. "Òun nìkan ni?"

"Òun nìkan bíi báwo?"

"Òun nìkan ló fẹ́ ta ilé olóògbé fún mi? Ẹbí dà? Ta ni olórí wọn? Ta ló jẹ́rìí sí i?"

"Màámi, géèmù ni."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ilé ni mo fẹ́ rà."

Ẹni tó bá ti gbé Ifẹ̀ pẹ́ mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Èmi alára, wọ́n ti fi àdá lé mi kúrò lórí fáùńdéṣọ̀n rí, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí ló ta ilẹ̀, àwọn yòókù kò gbọ́ sí i. Àwẹ̀ró ló fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ó wá mú obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n yìí, ó ń wá ẹbí olóògbé kiri ìlú. Ó dúró níwájú alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ ní irin òun ló dáa jù nílẹ̀ náà. Ó dúró níwájú ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìyá náà ní kó ra kábéèjì. Ó lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu odi, ẹ̀ṣọ́ ní kó má dá wàhálà sílẹ̀ nílùú àwọn. Àbígbẹ̀yìn wa ló ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa.

"Wọ́n ń fi nǹkan pamọ́," Àwẹ̀ró ní.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé ní Sátidé, wọ́n ro ẹjọ́ náà fún un. Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ rà á bẹ́ẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Tí ọmọ olóògbé bá ti òkèèrè dé lọ́la ńkọ́?" Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilé náà. "Ilé náà sì dáa o. Ó jọ ilé wa. Ẹ wo ojúde rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá."

Mo rí ibi tó ń lọ. "Àna mi," mo ní, "ẹjọ́ wà nínú ilé yẹn. Akọ̀wé ní ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá adágún, ilẹ̀ lásán. Èèyàn á kọ́ tirẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe fẹ́."

"Ẹ̀bá adágún? Nínú igbó yẹn? Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Òkè-Ogbó náà, igbó ni nígbà tí mo débẹ̀."

"Mo rántí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá kí yín, òkété ló ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Òkété yẹn ti kó lọ. Ó ní ariwo ẹ̀yin ará Ìlódè pọ̀ jù fún òun."

Àbígbẹ̀yìn wa wò mí, ó wo àbúrò ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ṣé torí géèmù yìí náà lẹ ṣe ń le ojú báyìí?"

Àwẹ̀ró tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń tẹ pádì rẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀. Kí àbúrò rẹ̀ tó lọ, ó ti ra ilẹ̀ ẹ̀bá adágún.

N kò ní purọ́, oúnjẹ dùn lẹ́nu mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi ni mò ń sọ, Àwẹ̀ró ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kọjú ẹnu ọ̀nà sí omi.

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Òkè wà lẹ́yìn ilé. Òkè á gbà á dúró."

"Ilé ìdáná ńkọ́?"

"Fi sápá ìlà oòrùn, kí èéfín má baà wọ yàrá."

Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú géèmù náà, wọn kì í wọn ilẹ̀? Kò sí okùn, kò sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe dọ́gba sí. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, fáùńdéṣọ̀n jáde. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ògiri dìde. Mo bi wọ́n pé ta ló ń bomi rin ògiri yìí kó tó gbẹ, àbígbẹ̀yìn wa ní, "Igi ni, Bàámi." Mo ní igi náà ń fẹ́ ìsinmi. Kí a tó jẹ iṣu tán, ilé ti dé òrùlé. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò rí ilé kankan dìde lábẹ́ ẹnu mi mọ́. Mo jáde síta, mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé a ti kọ́ ilé tuntun.

"Níbo, Bàbá?"

"Lẹ́bàá adágún."

Wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n rò pé Èkó làwọn ọmọ ti kọ́ ọ fún wa, n kò sì tún un ṣe.

Àwẹ̀ró kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ síbẹ̀, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú. Ó dára lójú. Mo lọ gbá abẹ́ igi ọsàn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Ohun tí n kò kọ́kọ́ fiyè sí ni pé, ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ nínú géèmù, Àwẹ̀ró á ti ilẹ̀kùn ilé adágún yẹn, á rin ọ̀nà jíjìn, á kọjá lára ìkookò, á wọ inú ìlú. Mo rò pé ó fẹ́ ra nǹkan ni. Kò ra nǹkan kan. Ó lọ kí wọn ni.

Bọ́tìnnì kan wà lára pádì tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà á tẹ orúnkún, á wá sílẹ̀. Àwẹ̀ró ti rí i tipẹ́, ó sì dá a lójú pé ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá dé iwájú baálẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. Tó bá rí arúgbó lọ́nà, á tẹ̀ ẹ́. Àbígbẹ̀yìn wa á máa rẹ́rìn-ín sínú, kò sọ fún wa pé yíyọ́ rìn ni wọ́n ṣe é fún, bí olè ṣe ń yọ́ wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà kò tí ì ti Ìpetumodù dé, ilẹ̀ mọ́ nínú géèmù, Àwẹ̀ró sì rò pé ó yẹ kí òun kí alágbẹ̀dẹ nínú ilé rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Alágbẹ̀dẹ àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí ibùsùn. Àwẹ̀ró rìn dé ẹsẹ̀ ibùsùn wọn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Alágbẹ̀dẹ fò dìde tòun ti òòlù. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. Kí èmi àti Àwẹ̀ró tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti wọlé, wọ́n mú obìnrin wa, wọ́n tì í mọ́lé. Bí àbígbẹ̀yìn wa ṣe wọlé nìyẹn, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Màámi, kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi wà lẹ́wọ̀n?"

"Mo kí wọn."

"Ẹ kí wọn báwo?"

"Mo kúnlẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá ṣàlàyé fún wa pé ẹni tó bá wọ yàrá oníyàrá láàárọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, lójú àwọn ará ibẹ̀, olè ni.

"Ìlú wo ni wọ́n ti ń rò pé ẹni tó kúnlẹ̀ fẹ́ jalè?" Àwẹ̀ró bi í. Inú kò bí i rárá. Ó sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wa, ó fi kún un lójoojúmọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó dijú bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀.

"Ọmọ ilé wa wẹ̀wọ̀n. Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé?"

"Sọ fún wọn pé ìkíni ló gbé mi débẹ̀."

"Á yé wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bá mi sọ. Tí mo bá fi lè jáde láàárọ̀ láìkí àwọn àǹtí wa tó sùn sínú àgbàlá, àwọn ọmọ kéékèèké á ní, Bàbá, ẹ ò kí wọn."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n tú obìnrin wa sílẹ̀, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́, ìta ló ti ń kí wọn, wọn kì í sì í mú èèyàn níta. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣọ́ ọ wàyí. Mo rí i pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú nínú géèmù náà, kì í padà lọ sílé tí a kọ́. Ilé ọtí ló ń sùn sí, lórí ibùsùn àlejò. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó ku àwa méjèèjì nílé, mo ní kí n bi í.

"Àwẹ̀ró, ilé wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"O kì í sùn síbẹ̀."

Ó gbé pádì lé itan. "Ilé náà dára. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Omi wà níwájú, òkè wà lẹ́yìn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo jáde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ta ni kí n kí?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí wá. Ó sú mi bí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi lórúnkún. "Àwọn ọmọ wa, ta ní máa gbé ibí lẹ́yìn yín? Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa yìí, ìjọba á tún gbé e lọ síbòmíì. Wọ́n á ti géètì."

Kò dárúkọ igi ọsàn. Kò dárúkọ Ìlódè. Ó tún mú pádì.

"Ilé kékeré inú ìlú yẹn ni mo fẹ́," ó ní. "Èèyàn ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá gbà, n kò ní rà á."

Mo dìde, mo jáde sí àgbàlá. Mo dúró lábẹ́ igi ọsàn fún ìgbà díẹ̀, mo wo ilẹ̀ tí mi ò da kọ́ńkéré sí. Ilẹ̀ tó dáa ni, omi kì í dúró sí i. Mo wo géètì wa. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tí ì kan án. Mo ṣa ọsàn tó jábọ́, mo wọlé, mo bó ọ̀kan fún un.

"Jẹ́ kó di Sátidé," mo ní. "Kí Àna dé ná. O ò lè ra ilé olóògbé láìsí olórí ẹbí."

Ó gba ọsàn náà, ó wò mí, ó mu ún.

Nígbà tó di Sátidé, mo ra mọ́ọ̀tì, mo ra obì, mo gbé e sórí àwo lórí tábìlì. Àna mi wọlé, ó rí obì.

"Kí là ń ṣe?"

"Ẹ̀yin ni olórí ẹbí olóògbé," mo ní.

"Olóògbé wo?"

"Ẹni tó ni ilé kékeré inú géèmù. Ẹ jókòó. A fẹ́ ra ilé yín."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò mí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, nígbà tó yá ó padà síbẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé kó gún, ó jókòó sórí àga mi, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó wà láàárín ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé wa, níbo lẹ ti wá?"

"Òkè-Ogbó ni mo ti wá," Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

"Ṣé àwọn ará Òkè-Ogbó gbà kẹ́ ẹ máa bọ̀? A kì í fẹ́ kí wọ́n wá fa èèyàn lẹ́wù lójúde wa."

Àwẹ̀ró kò wò mí. Ó ń fi ọwọ́ nu pádì.

"Wọ́n gbà," mo ní.

"Ta ló gbà?"

"Èmi. Èmi ọkọ rẹ̀ ni mo gbà."

"Ṣé tinútinú lẹ fi gbà á, àbí a mú yín ní tipá?"

"Kì í ṣe tinútinú," mo ní. "Ṣùgbọ́n mo gbà."

Àna mi ní, "Ìyẹn tó wa." Ó mú obì, ó pa á, ó fi àdúrà sí i pé ẹnu ọ̀nà ilé náà kò ní ṣàìrí ẹni tó ń kí i, pé ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Òkè-Ogbó kò ní hu koríko. A ṣe àmín. Àbígbẹ̀yìn wa náà ṣe àmín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní èéfín sítóòfù ni. Sítóòfù kankan kò sí ní pálọ̀ wa.

Àwẹ̀ró na pádì sí mi. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀."

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìka ìlábẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé baálẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ fún wa.

A mu mọ́ọ̀tì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àwẹ̀ró ti kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ kúrò lẹ́bàá adágún, díẹ̀díẹ̀, kó má baà wúwo jù fún obìnrin náà. Ó fi àga kan sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló fi í sílẹ̀ fún, ó ní èmi ni òun fi í sílẹ̀ fún, bí mo bá fẹ́ máa lọ wo omi. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tó jí nínú ilé kékeré náà, ó jáde sójúde, ó kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ ń kọjá lọ, ó ní irin òun ló dáa jù nílẹ̀ náà.

"Ó kí mi," Àwẹ̀ró ní.

Ó gbé ilé náà títí òjò fi dá, títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, á ní, "Wọn ò ní mọ ibi tí mo wọlẹ̀ sí." Tí iná bá dé, á kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n. Kò fọwọ́ kan ẹranko tó ń yọ iná lẹ́nu yẹn títí dé òpin. Àbígbẹ̀yìn wa ní ó ṣì ń fò kiri níbẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni Àwẹ̀ró jí, ó kí mi, ó kí ọmọ rẹ̀, kó tó bọ́jú. Ó ní ó ń rẹ òun díẹ̀, òun fẹ́ padà sùn. Ó padà sùn. Kò jí mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, ní Ìlódè, nínú àgbàlá bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, lójú ọ̀nà tí àwọn ará ilé ń gbà jáde láàárọ̀. Àna mi dúró lápá ọ̀tún mi, àbígbẹ̀yìn wa dúró lápá òsì. Mo wo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sínú sàréè náà, ó gún. Mo bu erùpẹ̀ tèmi sí i, wọ́n sì bo ilẹ̀ náà kí oòrùn tó wọ̀.